Èdè-Ìperí fún Dídè àti Títún Pátákó Àgbà Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán Ṣe Nípa Lílo Àwòrán Àyípo Iná

1. ÌFÁÁRÀ

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ WNTV kọ́kọ́ gbé ohùn àti àwòrán jáde ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn fi ń gbà á nínú ilé wọn rí orúkọ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu lẹ́nu Yorùbá: amóhùnmáwòrán, ohun tó ń mú ohùn tó sì ń mú àwòrán wá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó sọ ẹ̀rọ yìí lórúkọ wo ilé dáadáa. Ṣùgbọ́n ìta ẹ̀rọ ni orúkọ náà mọ. Bí atúnẹ̀rọṣe bá tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó sì fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó rí fún ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, orúkọ a tán lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí iṣẹ́ kankan tí a ti ṣe lórí ọ̀ràn yìí. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún-mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa jẹ́ òpómúléró rẹ̀, fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá kí ó sì yege. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ àtúnṣe yàtọ̀ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní ìsọ̀, èdè tí ó ṣini lọ́nà kì í ṣe máàkì nìkan ni í sọni nù. Ó lè jó ojú ẹ̀rọ oníbàárà, ó sì lè pa ẹni tí ó ń tún un ṣe. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni bí a ṣe ń fi àwòrán àyípo iná de pátákó àgbà mọ́ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán olójú pẹlẹbẹ, àti bí a ṣe ń wá àléébù rẹ̀ rí, pẹ̀lú èdè-ìperí tí iṣẹ́ náà ń fẹ́.

2. ẸRÙ TÍ Ó PỌ̀ JÙ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀ KAN

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iná, ni ó ń ru ẹrù ohun mẹ́rin ní ìsọ̀ àtúnṣe. Bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá ní, ‘Ọ̀gá, kò sí iná níbí,’ ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ni ó ní lọ́kàn:

(a) pé kò sí ohun tí ó ń ti iná láti ibì kan dé ibòmíràn;
(b) pé ohun tí ó ń tì í wà, ṣùgbọ́n iná kò ṣàn;
(d) pé ó ń ṣàn, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe;
(e) pé ìmọ́lẹ̀ kò tàn.

Àtúnṣe mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ipò mẹ́rin yìí ń fẹ́. Bí ọ̀gá bá sì sọ pé, ‘Fi iná 12 sí i,’ láìsọ ohun tí 12 náà jẹ́, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè fi fóltì 12 sí ojú ẹ̀rọ tí kò ju fóltì 5 lọ. Ojú ẹ̀rọ ni ó wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀yà amóhùnmáwòrán. Bí ó bá ti jó, ẹ̀rọ náà ti di àtì.

Nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mẹ́rin dúró níbi tí iná nìkan dúró sí. Àpẹẹrẹ àgbá omi lè mú un yéni. Bí a bá gbé àgbá omi sórí òrùlé, gíga rẹ̀ ni ó ń ti omi wá sísàlẹ̀: èyí ni ipá iná, tí a ń fi fóltì wọ̀n. Iye omi tí ó ń gba inú ọ̀pá kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìṣàn iná, tí a ń fi ámpíà wọ̀n. Bí ọ̀pá náà ṣe fún sí, tí kò jẹ́ kí omi ṣàn bí ó ṣe fẹ́, ni ìdènà, tí a ń fi ómù wọ̀n. Iṣẹ́ tí omi náà lè ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni agbára, tí a ń fi wáàtì wọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ ni a ó máa pe èyí tí ojú rí.

Georg Ohm, ọmọ Jámánì, ni ó tẹ òfin tí ó so mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀ jáde ní 1827: ipá jẹ́ ìṣàn ní ìlọ́po ìdènà. Ipá ní ìlọ́po ìṣàn sì ni agbára. Bí ọ̀nà fóltì 12 bá bá ìdènà ómù 2 pàdé, ìṣàn yóò jẹ́ ámpíà 6, agbára tí yóò sì di ooru níbẹ̀ yóò jẹ́ wáàtì 72. Fíùsì ámpíà 3 tí ó wà lójú ọ̀nà náà yóò já. Ẹni tí ó mọ ìṣirò yìí kò ní fi fíùsì tí ó tóbi jù rọ́pò rẹ̀. Yóò béèrè ibi tí ómù 2 náà ti wá.

3. ÀWÒRÁN ÀYÍPO INÁ

Àwọn kan lè fẹ́ pe àwòrán yìí ní ‘àwòrán ọ̀nà iná’. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò pé. Ọ̀nà lè dópin síbì kan. Iná kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí iná ti jáde ni ó gbọ́dọ̀ padà sí kí ó tó lè ṣàn rárá. Ìdí nìyí tí àyípo iná fi yẹ ẹ́ jù. Láti inú orúkọ yìí ni a ti rí méjì mìíràn. Bí wáyà bá já tàbí tí ojú òjé bá là, àyípo jíjá ni. Bí iná bá rí ọ̀nà tí ó kúrú ju èyí tí ó yẹ kí ó gbà lọ, tí ó sì sá padà sílé láìṣiṣẹ́, ẹ̀bùrú iná ni, nítorí pé ẹ̀bùrú ni Yorùbá ń pe ọ̀nà àbùjá.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a pe iná tí ó ń wá láti òpó ní ‘iná àlọ-àbọ̀’, bí ẹni pé iná bátìrì kì í bọ̀. Gbogbo iná ni í bọ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé iná bátìrì ń ṣàn sí ìhà kan ṣoṣo, iná òpó sì ń yí ìhà padà: ní Nàìjíríà, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná oníhà-kan àti iná oníhà-méjì ni ó bá òtítọ́ yìí mu.

Nínú àwòrán, ìlà dúró fún wáyà tàbí fún ojú bàbà tí a tẹ̀ sára pátákó. Níbi tí ìlà méjì bá ti pàdé tí a sì fi àmì tótó síbẹ̀, wọ́n fara kan ara wọn. Bí wọ́n bá kàn kọjá lórí ara wọn láìsí àmì tótó, wọn kò kan ara wọn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó dúró fún: R ni adènà, C ni afinápamọ́, D ni dáyóòdù tí kì í jẹ́ kí iná gba ẹ̀yìn padà, Q ni transístọ̀, U ni àkópọ̀ tíńtín tí a ń pè ní aísíì, F ni fíùsì, CN sì ni ẹnu ìsopọ̀. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé lẹ́tà náà ni orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. R101 inú àwòrán ni R101 tí a tẹ̀ sára pátákó, bí wọn kò tilẹ̀ sí ní ipò kan náà sí ara wọn. Àwòrán ń sọ ẹni tí ó ń bá ẹni ṣe. Kì í sọ ibi tí oníkálukú jókòó sí.

Àmì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: àmì ilẹ̀. Ilẹ̀ ni ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, ibi tí a kà sí òdo. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ méjì ni ó wà nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, àwòrán tí ó péye a sì fi àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn wọ́n. Ilẹ̀ gbígbóná wà ní ìhà tí iná òpó ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án lè kú. Ilẹ̀ tútù wà ní ìhà pátákó àgbà, tiráńsífọ́mà ni ó sì là wọ́n láàrin. Bí a bá fi etí dúdú mítà sí ilẹ̀ tútù, tí a sì fi etí pupa wọn ìhà gbígbóná, irọ́ ni mítà yóò pa.

4. BÍ PÁTÁKÓ ÀGBÀ ṢE Ń BÁ ÀWỌN TÓ KÙ ṢIṢẸ́

Kí a tó wo àwòrán kíkún, àwòrán alápótí ni a kọ́kọ́ ń wò, èyí tí ó fi àpótí kan ṣoṣo dúró fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka mẹ́rin ni ó ṣe pàtàkì: pátákó ìpèsè-iná, pátákó àgbà, pátákó adarí-ojú tí a máa ń tẹ T-CON sí lára, àti ìmọ́lẹ̀-ẹ̀yìn tí ó wà lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ.

Pátákó ìpèsè-iná ń gba iná oníhà-méjì, ó sì ń sọ ọ́ di oníhà-kan. Bí iná òpó bá jẹ́ fóltì 220, ohun tí a óò bá lórí afinápamọ́ ńlá yóò tó nǹkan bí fóltì 310. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó ní ẹ̀ka agbéga, ó lè tó 380 sí 400 nígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Láti ibẹ̀ ni tiráńsífọ́mà ti ń pèsè ipá kéékèèké. Èkíní ni ipá ìtòògbé, tí ó sábà máa ń jẹ́ fóltì 5. Òun ni ó wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tòògbé, tí iná pupa kékeré nìkan ń tàn níwájú.

Nígbà tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ bá tẹ rìmóòtù, pátákó àgbà a jí. Yóò rán àṣẹ ìjí sí pátákó ìpèsè-iná lórí wáyà tí a máa ń tẹ PS-ON tàbí STB sí. Pátákó ìpèsè-iná yóò dáhùn pẹ̀lú fóltì 12, nígbà mìíràn pẹ̀lú 24. Pátákó àgbà yóò sọ èyí di fóltì 5, 3.3 àti èyí tí ó kéré sí i, títí dé nǹkan bí fóltì 1.2 tí ọpọlọ rẹ̀ ń lò. Lẹ́yìn èyí ni yóò fún ojú ẹ̀rọ ní ipá tirẹ̀, tí yóò sì fi wáyà pẹlẹbẹ tí a mọ̀ sí LVDS fi àwòrán ránṣẹ́. Ní ìparí, yóò rán àṣẹ ìmọ́lẹ̀ lórí wáyà BL-ON, ìmọ́lẹ̀-ẹ̀yìn yóò sì tàn. Ìtẹ̀léra yìí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo àtúnṣe: àṣẹ kan kì í wáyé kí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ tó parí.

5. DÍDE PÁTÁKÓ TUNTUN

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Yíyọ ẹ̀rọ kúrò lára iná nìkan kò tó. Afinápamọ́ ńlá lè mú ju fóltì 300 dání lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́. Bí a bá fi adènà ómù 10,000, tí ó lè gba wáàtì 5, kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ohun tí ó pamọ́ yóò tú jáde díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ adènà náà. Ohun tí kì í jẹ́ kí iná kọjá ni a fi ń dì í mú. Lẹ́yìn náà, mítà ni yóò jẹ́rìí pé ó ti tú tán.

Bí pátákó tuntun kì í bá ṣe irú èyí tí ó bá ẹ̀rọ wá, bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń pè ní yunifásà, ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni a ń tẹ̀ lé:

(a) A ó ka nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ara ìdérí kò tó, nítorí pé ẹ̀rọ kan náà lè ní ojú oríṣiríṣi. Pẹ̀lú nọ́ńbà náà ni a ó fi mọ iye ojú-àmì rẹ̀, bí 1366 sí 768 tàbí 1920 sí 1080, àti ipá tí ó ń fẹ́: 3.3, 5 tàbí fóltì 12.

(b) A ó fi àwòrán ẹnu ìsopọ̀ pátákó ìpèsè-iná wé ti pátákó tuntun, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀. Pé ìsopọ̀ méjì wọnú ara wọn kò fi hàn pé ẹsẹ̀ wọn bára mu.

(d) A ó gbé ìbọ̀rí kékeré tí ó ń yan ipá ojú ẹ̀rọ sí ibi tí ó yẹ.

(e) A ó fún pátákó ní iná láìtíì so wáyà ojú ẹ̀rọ mọ́ ọn. A ó jí i, a ó sì fi mítà wọn ipá tí ó jáde ní ẹnu ìsopọ̀ LVDS. Bí ojú ẹ̀rọ bá ń fẹ́ 5 tí mítà sì ka 12, wáyà ojú kò bà jẹ́, ojú kò jó. Ìbọ̀rí nìkan ni a ó sún. Ìṣẹ́jú méjì ni ìgbésẹ̀ yìí ń gbà, òun ni ó sì ń gba owó oníbàárà là.

(ẹ) A ó yọ iná, a ó sì so wáyà LVDS. Ẹsẹ̀ kìíní pátákó gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ kìíní wáyà pàdé; àmì onígun-mẹ́ta kékeré ni ó máa ń fi í hàn. Bí a bá gbé e dorí kodò, ipá ojú ẹ̀rọ yóò wọ ibi tí ó yẹ kí àwòrán gbà.

(f) A ó wo ìmọ́lẹ̀-ẹ̀yìn. Gílóòbù kéékèèké rẹ̀ tò tẹ̀ léra lórí àyípo kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń fẹ́ fóltì 3, mẹ́wàá yóò fẹ́ 30. Ìṣàn ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù níbí: bí ó bá ju ìwọ̀n lọ, ìmọ́lẹ̀ yóò dára lójú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ jó.

6. WÍWÁ ÀLÉÉBÙ RÍ

Ẹni tí kò ní àwòrán lọ́wọ́ ń yọ ẹ̀yà kan, ó ń fi òmíràn sí i, bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó ní in ń béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo ní ibi kọ̀ọ̀kan: ǹjẹ́ ohun tí ó yẹ kí ó dé ibí ti dé? Bí ó bá ti dé, àléébù wà níwájú. Bí kò bá dé, ó wà lẹ́yìn.

(a) Bí ẹ̀rọ kò bá ta pútú, tí iná pupa pàápàá kò tàn, a ó wo fíùsì, lẹ́yìn náà ipá orí afinápamọ́ ńlá, lẹ́yìn náà ipá ìtòògbé. Bí fóltì 310 bá wà tí 5 kò sí, a ó yọ ìsopọ̀ pátákó àgbà, a ó sì tún wọ̀n. Bí 5 bá padà wá, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bùrú wà lórí pátákó àgbà. Bí kò bá padà, pátákó ìpèsè-iná ni ó ní ẹjọ́.

(b) Bí iná pupa bá tàn ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kò jí, a ó wọn àṣẹ ìjí. Bí àṣẹ bá jáde tí fóltì 12 kò wá, a kì í dá pátákó àgbà lẹ́bi: ó ti pàṣẹ, a kò dá a lóhùn ni. Bí àṣẹ kò bá jáde, a ó wo fóltì 3.3, ipá ọpọlọ, kírísítà tí ó ń lu ìlù ìgbésẹ̀ fún ọpọlọ, àti aísíì ìrántí tí ètò ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn ètò náà nìkan ni ó dàrú, tí a bá sì tún un kọ, ẹ̀rọ a dìde.

(d) Bí ohùn bá ń jáde tí ojú sì ṣókùnkùn, a ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ẹ̀rọ ní ẹ̀gbẹ́. Bí àwòrán bá hàn fírífírí, ìmọ́lẹ̀-ẹ̀yìn ni kò tàn. A ó wọn àṣẹ ìmọ́lẹ̀. Bí àṣẹ bá wà, ó yẹ kí a wo àyípo gílóòbù, nítorí pé bí ọ̀kan bá já nínú wọn, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kú.

(e) Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn tí àwòrán kò sí, a ó wo ipá ojú ẹ̀rọ àti fíùsì kékeré orí T-CON, kí a tó wo wáyà LVDS. Bí àwòrán bá wà tí àwọ̀ rẹ̀ sì dàrú, ó lè jẹ́ ìlànà LVDS tí a yàn ni kò bá ojú mu. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀, VESA àti JEIDA. A ó lọ yí i nínú ètò ẹ̀rọ.

(ẹ) Fún ẹ̀bùrú, a ó yọ iná, a ó sì wọn ìdènà láàrin ọ̀nà ipá kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀ tútù. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo lórí ọ̀nà fóltì 12, ẹ̀bùrú wà níbẹ̀. Àwòrán yóò fi gbogbo àwọn tí ó ń mu nínú ọ̀nà náà hàn. A ó máa gé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìdènà yóò fi gòkè. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra lórí ọ̀nà ipá ọpọlọ. Ìdènà tirẹ̀ máa ń kéré nípa ti ẹ̀dá, ó sì lè jẹ́ ómù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ pátákó tí ara rẹ̀ le ni a ti sọ nù nítorí àìmọ èyí.

7. ÀKÓJỌ ÈDÈ-ÌPERÍ

Adènà: ẹ̀yà tí ó ń dín ìṣàn iná kù, R nínú àwòrán.
Afinápamọ́: ẹ̀yà tí ó ń kó iná pamọ́ tí ó sì ń tú u sílẹ̀, C nínú àwòrán.
Agbára: ipá ní ìlọ́po ìṣàn, wáàtì ni ìwọ̀n rẹ̀.
Àṣẹ ìjí: ìránṣẹ́ pátákó àgbà pé kí ipá ńlá wá, PS-ON tàbí STB.
Àṣẹ ìmọ́lẹ̀: ìránṣẹ́ pé kí ìmọ́lẹ̀-ẹ̀yìn tàn, BL-ON.
Àyípo iná: ibi tí iná ń gbà lọ tí ó sì ń gbà padà.
Àyípo jíjá: àyípo tí ojú kan ti là lára rẹ̀.
Ẹ̀bùrú iná: ọ̀nà àbùjá tí iná gbà padà láìṣiṣẹ́.
Ìdènà: ohun tí ó ń dín ìṣàn kù, ómù ni ìwọ̀n rẹ̀.
Ilẹ̀ gbígbóná, ilẹ̀ tútù: òdo ìhà iná òpó, àti òdo ìhà pátákó àgbà.
Iná oníhà-kan, iná oníhà-méjì: èyí tí kì í yí ìhà padà, àti èyí tí ó ń yí i.
Ipá iná: ohun tí ó ń ti iná, fóltì ni ìwọ̀n rẹ̀.
Ipá ìtòògbé: ipá tí ó wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó jí.
Ìṣàn iná: iye iná tí ó ń kọjá, ámpíà ni ìwọ̀n rẹ̀.

8. ÌGÚNLẸ̀

A lè rí i nínú àlàyé òkè yìí pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó yẹ kí a fún ní orúkọ tuntun. Fóltì, ámpíà, ómù àti wáàtì ti inú orúkọ àwọn onímọ̀ wá, gbogbo ayé ni ó sì ń lò wọ́n. Fíùsì, mítà àti dáyóòdù ti di tiwa ní ìsọ̀. Lẹ́tà tí a tẹ̀ sára pátákó kò ṣeé pa dà, nítorí òun ni atúnẹ̀rọṣe yóò bá lójú iṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ tuntun ti pọn dandan ni ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti ń da ohun méjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

Bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá lè sọ pé, ‘Ọ̀gá, ipá ìtòògbé wà, àṣẹ ìjí jáde, ṣùgbọ́n fóltì 12 kò wá,’ ó ti sọ ibi tí àléébù wà kí ó tó fi ọwọ́ kan irin òjé. Ẹni tí ó ní, ‘Ọ̀gá, kò sí iná,’ kò tíì sọ nǹkan kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbólóhùn méjì yìí ni iṣẹ́ tí èdè-ìperí wà fún.